Okùn àtasókè: ẹ jẹ́ ká yé pè é ní ìlà gíga

Ẹni tó bá ti gun ẹṣin wọ inú igbó, tó sì pàgọ́ sùn níbẹ̀, á mọ̀ pé òru ló ṣòro. Lọ́sàn-án, ẹ wà lórí gàárì, ìjánu wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹranko tó wúwo tó kílò 450 tàbí 500, tí ẹ̀rù sì máa ń tètè bà, kí lẹ máa so ó mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Okùn kan wà tí àwọn agẹṣin ń ta láàárín igi méjì fún èyí. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ yanjú, nítorí orúkọ burúkú ti ṣe ẹṣin léṣe lójú mi.

Mo ti ka ìtọ́ni ní Yorùbá tó pe nǹkan yìí ní "ìlà gíga". Ẹni tó kọ ọ́ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, "high" àti "line", ó wá Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìlà wo? Ìlà ni èyí tí a fà sínú ìwé. Ìlà ni èyí tí a kọ sójú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ Yorùbá, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni so ẹran mọ́ ìlà rí. Òkè a máa ga, ènìyàn a máa ga. Okùn tí a nà sókè orí ńkọ́? Òkè ló wà, a kì í sọ pé ó ga bí ẹni ń sọ̀rọ̀ igi ọ̀pẹ.

Ọkùnrin kan tí a jọ pàgọ́ ti ka irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀ kó tó bá wa. Ó rí "ìlà", ó sì gbà pé ààlà ni wọ́n ní kó fi okùn pa, bí ẹni ń sọ ọgbà. Ó ta okùn rẹ̀ láàárín igi méjì, níbi tó bá àyà ẹṣin mu. Òru kò tíì jìn tí ẹṣin náà fi gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kọjá lórí okùn, tí kò sì mọ bí yóò ṣe gbé e padà. Ìró ìjàkadì rẹ̀ ló jí wa. Kí a tó rí ọ̀bẹ gé okùn náà, ó ti bó o lẹ́yìn ẹsẹ̀, lókè pátákò, níbi tí ẹran kò pọ̀ lára egungun. Awọ ti ká kúrò, inú rẹ̀ pupa yòò. Ẹṣin yẹn kò ru ẹnikẹ́ni jáde nínú igbó. Ẹsẹ̀ ni ẹni tó ni ín fi rìn, tó ń fà á bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, a sì ń dúró dè wọ́n ní gbogbo oríta.

Àwọn tó ń pè é ní "háíláìnì" kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni náà. N kì í bá ọ̀rọ̀ àyálò jà lásán. Kọ̀ǹpútà dé láìní orúkọ nílé, a fún un láyè. Okùn ńkọ́? Ìgbà wo ni okùn di àlejò tí a ó máa wá orúkọ yá fún? Àwọn mìíràn ní "okùn ìso". Èyí sún mọ́ ọn, àmọ́ gbogbo okùn tí a fi so ẹran ni okùn ìso, títí kan èyí tí a so mọ́ èèkàn lásán.

Okùn àtasókè ni mo ń pè é. Ẹ tú u wò: à, ta, sí òkè. "Ta" ni ohun tí a ń ṣe fún okùn nígbà tí a bá nà án láti ibì kan dé ibòmíràn títí ó fi le. Kò sẹ́ni tó nílò kí a kọ́ òun ní ìtumọ̀ yẹn, nítorí kòkòrò kan ń fi í ṣe orúkọ jẹ́: alántakùn, ẹni tí ń ta okùn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ní ti "à" tó ṣáájú, òun ló wà nínú àkọsílẹ̀ àti àtẹ̀jáde. Ohun tí a kọ sílẹ̀, àkọsílẹ̀; ohun tí a tẹ̀ jáde, àtẹ̀jáde; ohun tí a ta sókè, àtasókè.

Olùkọ́ èdè kan takò mí. Ó ní bọ́ọ̀lù ló ń ta sókè, pé ẹni tó bá gbọ́ "àtasókè" á rò pé okùn náà ń fò. Mo dá a lóhùn pé bọ́ọ̀lù ń ta fúnra rẹ̀, okùn ńkọ́, ènìyàn ní ń ta á. Ó wá ní kí n kúkú sọ ọ́ di "àsosókè". Ohun tí a so rọ̀ ni àsosókè, bí àpò oúnjẹ tí a gbé kọ́ nítorí eku. Okùn tó bá sì rọ̀ ni ewu wà nínú rẹ̀, nítorí ẹṣin lè fi ọrùn tàbí ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Líle ni okùn yìí gbọ́dọ̀ le, inú "ta" sì ni líle yẹn wà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ wo okùn ìsáṣọ. Ó lọ láti òpó dé òpó, ó ga ju orí lọ, aṣọ rọ̀ sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ kan kò gun èkejì, kò sì sí èyí tó kan òpó. Ẹ fi igi méjì dípò òpó, ẹ fi ẹṣin dípò aṣọ. Kí okùn náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó kéré tán. Okùn kúkúrú kan ni yóò ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí orí ẹṣin: kó gùn tó kí imú rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, kó má gùn débi tí ẹsẹ̀ á fi kọjá nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10 wà láàárín ẹṣin méjì, kí èyí tó wà létí sì jìnnà sí igi ní ẹsẹ̀ bàtà 6 ó kéré tán. Kókó tí kì í yọ̀ ni kí ẹ ta síbi tí okùn méjèèjì ti pàdé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹṣin kan á fà á lọ bá èkejì, wọn á sì jà. Òrùka tó ń yí ni kí ẹ fi sí i, kí okùn má baà lọ́. Àwọn kan máa ń ya èyí tí a ta fún ìsinmi ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára ti òru. Okùn kan náà ni, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Kí ló dé tí a ò so ẹṣin mọ́ igi tààrà? Ẹṣin tí ara rẹ̀ kò bálẹ̀ a máa fi pátákò walẹ̀, bó sì ṣe ń yí ìdí igi ká, á wú gbòǹgbò síta, á tẹ ilẹ̀ le, á máa bó èèpo jẹ. Abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Bí èèpo bá ti bó yí igi ká, ewé lè tutù fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n igi náà ti ń kú láti ìsàlẹ̀. Okùn tín-ín-rín tí ẹṣin mẹ́rin ń fà lóru lè gé èèpo bẹ́ẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi bẹ́líìtì fífẹ̀ wé igi kí a tó ta okùn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ Back Country Horsemen, tó bẹ̀rẹ̀ ní Montana ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, ń kọ́ àwọn agẹṣin ní irú nǹkan báyìí kí ìjọba má baà lé ẹṣin kúrò nínú igbó. Ọ̀pọ̀ igbó ìjọba níbẹ̀ ló ní kí ẹṣin jìnnà sí omi ní ẹsẹ̀ bàtà 200.

Lówùúrọ̀, ẹ tú ẹṣin kí ẹ tó tú okùn. Ẹ tan ìgbẹ́ wọn ká kó lè tètè gbẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ dí ihò tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fi ọwọ́ pa ara igi náà wò yípo.