Igi Kì Í Pọnmi fún Odò

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé igi ló ń fa omi wá fún odò? Wọ́n á ní bí ẹ bá gé igbó orí òkè, odò ìsàlẹ̀ á gbẹ. Bí ẹ bá gbin igi sí i, omi á pọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ igi kì í pọnmi fún odò. Mímu ló ń mu ún.

Gbòǹgbò á fa omi nínú ilẹ̀, ewé á sì tú u sáfẹ́fẹ́. Òjò mìíràn kò tilẹ̀ kanlẹ̀: orí ewé ló bà sí, ibẹ̀ náà ló gbẹ sí. Ní Coweeta, ibùdó ìwádìí kan láàárín àwọn òkè North Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé igbó àwọn igi tó máa ń wọ́wé nígbà òtútù, wọ́n sì gbin páìnì dípò rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15, omi odò ibẹ̀ ti fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. Igi kún ibẹ̀ fọ́fọ́ o! Ṣùgbọ́n páìnì kì í wọ́wé tán. Tọdún-toṣù ló fi ń mu, tó sì ń gba òjò sórí.

Kí ló wá ń bọ́ odò nígbà tí òjò ò rọ̀? Ilẹ̀ ni. Ní Coweeta yìí kan náà, wọ́n fi kọnkéré ṣe ọpọ́n gbọọrọ kan sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó gùn tó mítà 14. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ kún un, wọ́n bu omi rin ín gbingbin, wọ́n sì bò ó kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ yẹn ń sun omi ní ìdí fún ohun tó lé lóṣù mẹ́rin, láìsí igi kankan lórí rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jinlẹ̀, odò á máa rí omi gbà títí wọ ọ̀gbẹlẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ àpáta ni yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́ bò, tí òkè sì ga ṣóńṣó, òjò á ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: odò á kún lóru, á fà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ojú àwọn tó rí odò tó gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n gé igbó kò tàn wọ́n ṣá. Ó gbẹ lóòótọ́. Ohun tó tẹ̀ lé igi gígé ni kí wọ́n wò: katakata tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀nà tí wọ́n là, màlúù tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Òjò ò ríbi wọlẹ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ló ń gbà lọ. Àkúnya lásìkò òjò, gbígbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ bí a bá ro omi ọdún náà pọ̀, ó lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí ojú kì í rí ló wá le jù. Ní Hubbard Brook, ibùdó ìwádìí mìíràn ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé gbogbo igi àfonífojì kékeré kan lulẹ̀ ní ìparí 1965. Wọn ò gbé igi kankan kúrò, wọn ò la ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí nǹkan má baà hù. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi odò fi bí ìdá 40 nínú 100 pọ̀ sí i, ẹrẹ̀ rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Náítíréètì inú rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ igi kan tó máa ń yọ́ sínú omi, ńkọ́? Ó di ìlọ́po 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọjá ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè fún omi mímu. Kálísíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ oúnjẹ igi bákan náà, ń bá omi lọ. Ewé tó ń jẹrà kò dẹ́kun sísọ oúnjẹ sílẹ̀. Gbòǹgbò tí ì bá gbé e mì ni kò sí.

Nígbà tí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró, igi wẹ́wẹ́ hù padà, náítíréètì sì lọ sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Omi odò náà dín kù.