“Ṣebí wọ́n ń jẹ ẹ́?” Ohun tí flavour ń ṣe nínú ikùn, àti ohun tó ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró

Nílé ìyá àgbà, bí ata gbígbẹ kan ṣoṣo bá já bọ́ sínú ẹ̀yinná, gbogbo agboolé ni yóò mọ̀. Ẹni tó ń koná ni yóò kọ́kọ́ sín, á wúkọ́ títí, lẹ́yìn náà ni ẹni tó wà ní yàrá á pariwo pé ta ló fẹ́ pa wá níbẹ̀ yẹn. Ojú á máa ṣomi, imú á máa ṣàn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe ata náà ní májèlé. Ata yẹn náà ni wọ́n lọ̀ sí ọbẹ̀ tí gbogbo wa fi òkèlè lá tán lálẹ́.

Ata yẹn ni mo rántí lọ́jọ́ Sátidé kan tí àbúrò mi wá kí mi. Kéèkì ni mò ń pò lọ́wọ́, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó yọ vape lápò, ó fà á, ó tú èéfín funfun jáde. Òórùn fáníla gba ilé kan. Mo bi í pé kí ló ń fà sáyà yìí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, flavour lásán ni. Ṣebí òun náà lẹ̀ ń bù sí kéèkì yín?” Ó nàka sí ìgò kékeré tó wà lórí tábìlì mi. “Nọ́ńbà NAFDAC wà lára tiyín gan-an.”

Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mu shisha ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta vape ń sọ ọ́, àwọn tó ń fa igbó olómi nílẹ̀ òkèèrè náà ń sọ ọ́: ohun tó ṣeé jẹ kò lè pa èèyàn lára bó bá gba imú wọlé. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó nira láti já. Òótọ́ ni pé à ń jẹ flavour. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ jíjẹ ni wọ́n yẹ̀ wò. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò mi, ti oúnjẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé FAO àti àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní 1956, JECFA lorúkọ rẹ̀, ó sì ti yẹ èròjà adùn tó lé ní 2,000 wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe flavour, FEMA, ti wà láti 1909, ó sì ti ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ tirẹ̀ láti 1960. Ní Yúróòpù, àjọ EFSA ló ń ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jọra. Wọ́n á wo bí èròjà náà ṣe rí, wọ́n á wo ohun tí ara ń sọ ọ́ dà lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, wọ́n á ṣírò iye tí ẹnì kan ń jẹ lójúmọ́, wọ́n á wá gbé iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdiwọ̀n. Èròjà tí ìrísí rẹ̀ kò mú ìfura wá, òdiwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1,800 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Èyí tó wà láàárín, 540. Èyí tó ń fu wọ́n lára, 90 péré. Kódà 1,800 yẹn kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti dán an wò lára ẹranko, iye tí kò ṣe ẹranko náà ní nǹkan kan ni wọ́n sábà máa ń pín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbà á fún èèyàn.

Flavour fúnra rẹ̀ tún máa ń bá wọn dín iye tí èèyàn ń jẹ kù. Ẹni tó bá ti ṣèèṣì da fáníla jù sí kéèkì rí mọ̀ pé kíkorò ló máa ń korò, ajá gan-an lè má jẹ ẹ́.

Nínú gbogbo ìṣirò yìí, “gbé e mì” ni òpó tó di ilé náà mú. Ohun tí a gbé mì á bá omi kíkan pàdé nínú ikùn, á gba ìfun kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì gbà á mú, á tú ọ̀pọ̀ rẹ̀ palẹ̀ kó tó kárí ara. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Awọ tó pààlà láàárín afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí nǹkan tètè kọjá.

Gúgúrú ló kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀kọ́ yìí. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2000, dókítà kan fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri létí pé àwọn mẹ́jọ tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ gúgúrú kan ní ìlú Jasper ti ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn ihò tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn ti dápàá, wọ́n ti há, kò sì sí oògùn tó lè là wọ́n padà. Bronchiolitis obliterans làwọn dókítà ń pè é. Mẹ́rin nínú wọn ti wà lára àwọn tó ń dúró de ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn tí wọn yóò fi rọ́pò tiwọn.

NIOSH, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ohun tó ń pa òṣìṣẹ́ lára, gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n rí àgbá ńlá tí wọ́n ti ń mú òróró gbóná. Òṣìṣẹ́ á ṣí ìdérí, á da flavour bọ́tà sí i, oru rẹ̀ á sì yọ bá a lójú. Ojoojúmọ́ ni. Àwọn tó ń po èròjà yìí ni afẹ́fẹ́ tiwọn burú jù. Wọ́n yẹ òṣìṣẹ́ 117 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ọ̀nà èémí wọn ti dí láàárín wọn ju iye tó yẹ kó jẹ́ lọ ní ìlọ́po 3.3.

Diacetyl lorúkọ èròjà inú flavour bọ́tà náà tí ojú wá mọ́. Kò sí àjèjì kankan nínú rẹ̀. Ó wà nínú bọ́tà gidi, torí kòkòrò tíntìntín tó ń sọ wàrà di kíkan ló ń ṣe é, ó sì wà nínú bíà. Àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ sí i fún oúnjẹ, wọn kò sì jẹ̀bi níbẹ̀, nítorí kì í ṣe jíjẹ gúgúrú ló kó àrùn náà ran ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fa oru rẹ̀ símú ló bá. Kódà ní 2007, wọ́n rí oníbàárà kan ní Colorado tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fẹ́ jọ tàwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Ó kéré tán, àpò gúgúrú méjì ló ń ṣí lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fẹ́ràn kó máa fa òórùn bọ́tà tó ń jáde látinú àpò gbígbóná náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá fi èròjà mìíràn rọ́pò rẹ̀, 2,3-pentanedione, ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí eku fa ìyẹn náà símú, ọ̀nà èémí eku bàjẹ́. Ní 2016, NIOSH dábàá pé kí diacetyl inú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ má ṣe ju ìpín 5 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Ẹ fi wé bọ́tà tí à ń fi ṣíbí bù sórí búrẹ́dì.

Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fa vape ni yóò ní àrùn gúgúrú o. Òṣìṣẹ́ tó ń mí oru látàárọ̀ dalẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń fi àrùn yẹn dẹ́rù ba ọmọdé lórí WhatsApp sì máa ń sọ ju bó ṣe mọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ Harvard yẹ oríṣi vape aládùn 51 wò, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lópin 2015, wọ́n bá diacetyl nínú 39. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é nínú omi vape tó ní nikotíìnì láti 2016. FEMA fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ tí flavour jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ti kéde ní gbangba pé oúnjẹ nìkan ni ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ àwọn wà fún, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi polówó vape. Bí ẹni tó ń ta ọjà bá sọ pé ibi báyìí ni kẹ́ ẹ lò ó mọ, ẹni tó rà á ni kò gbọ́.

Ti igbó tún lọ́pọ̀ nínú ju èyí lọ. Lọ́dọ̀ wa, òfin kò gbà á rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ sì ń rí i lórí àtẹ. Igbó ní òórùn tirẹ̀ látinú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní terpene, wọ́n sì máa ń fi kún èyí tó wà nínú igbó olómi. Limonene wà lára wọn. Ẹ ti mọ limonene tipẹ́: ẹ mú èèpo ọsàn tútù, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́ sójú iná àbẹ́là, ẹ ó rí i tí iná á ṣẹ́ wàrà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́bàá ojú, ẹ ó sunkún. Ahọ́n ń lá ohun kan náà láìsí wàhálà. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Portland State mú terpene gbóná bí àwọn tó ń fa òje igbó ṣe ń mú un gbóná, methacrolein àti benzene sì jáde nínú rẹ̀. Benzene ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Iná ti sọ ohun tó wọlé di ohun mìíràn kó tó kan àyà.

Ti vitamin E ló dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tí kì í ronú ire bó bá gbọ́ orúkọ vitamin. Láàárín ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé ìwòsàn káàkiri Amẹ́ríkà, wọn kò lè mí délẹ̀. Nígbà tó fi máa di 18 oṣù Kejì 2020, àwọn 2,807 ni wọ́n ti kà, 68 ti kú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti fa igbó olómi, pàápàá èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ èèyàn, tí kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó gbàṣẹ. Àwọn kan ti po vitamin E acetate mọ́ ọn kó lè ki, kí oníbàárà rò pé ojúlówó ni. Wọ́n fa omi láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn 51, wọ́n bá vitamin E acetate nínú ti 48. Wọn kò bá a nínú ti ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ dá. Èròjà yẹn náà la ń gbé mì nínú oògùn, òun là ń rí nínú ìpara.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé àtọwọ́dá ló ń ṣe gbogbo èyí, pé tó bá jẹ́ ti ìṣẹ̀dá, kò séwu. Diacetyl bọ́tà kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Sassafras náà kò gbọ́: gbòǹgbò igi ni, òun ni wọ́n fi ń ṣe root beer, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan, nígbà kan, ṣùgbọ́n safrole inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ ẹranko jẹ́, Amẹ́ríkà sì fòfin dè é nínú oúnjẹ ní 1960. Fáníla àtọwọ́dá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì ní 1874 kò sì yàtọ̀ rárá sí vanillin inú èso fáníla. Ara kò lè mọ èyí tó ti inú èso wá.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti oṣù Kẹwàá 2018. Òfin Amẹ́ríkà kan láti 1958 sọ pé èròjà àfikún tó bá lè fa jẹjẹrẹ lára ẹranko, bó ti wù kó kéré tó, kò gbọdọ̀ wọnú oúnjẹ. Nítorí òfin yẹn, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, yọ flavour àtọwọ́dá mẹ́fà kúrò, myrcene, terpene bíi limonene, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ FDA fúnra rẹ̀ sọ pé ìwọ̀n tí àwọn èèyàn ń jẹ kò wu wọ́n léwu. Myrcene inú máńgòrò kò jẹ́ ẹjọ́ kankan. Myrcene náà ló sì pọ̀ jù lára òórùn ọ̀pọ̀ igbó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lórílẹ̀-èdè kan náà.

Lójú tèmi, àwọn tó ń yẹ oúnjẹ ẹran wò ló ń bi ìbéèrè tó mọ́yán lórí jù. Wọ́n máa ń fi flavour sí oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kó lè jẹun. EFSA kì í béèrè pé ṣé nǹkan yìí dára. Ó ń béèrè nípa ẹranko tó máa jẹ ẹ́, nípa èèyàn tó máa jẹ ẹran náà, nípa òṣìṣẹ́ tó máa fọwọ́ kàn án, nípa ilẹ̀ àti omi tó máa ṣàn sí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ológbò máa ń ní ìdáhùn tirẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú àwọn èròjà kan palẹ̀ bíi ti ajá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan náà ni wọn yóò ti kọ ọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ lè jẹ ẹ́ láìséwu, pé ẹni tó bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà kò séwu, ṣùgbọ́n pé kí ẹni tó ń dà á sínú ẹ̀rọ kà á sí ohun tó ń ta awọ, ojú àti ọ̀nà èémí.

Mo sọ ti ẹlẹ́dẹ̀ yìí fún àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín pé mo fi òun wé ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní rárá, òṣìṣẹ́ ni mo fi ọ́ wé. Ó wá yí vape rẹ̀ síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ èròjà inú rẹ̀ sí. Àwòrán áísìkirimù ló wà níbẹ̀.