Ọkọ̀ tí kò ní slow

Ní Lagere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti máa ń jẹ yọ. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, ọwọ́ aago RPM, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, á já wálẹ̀ láti 750 sí 500, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Kó tan AC báyìí, ẹ́ńjìnì á kú fin-ín-fin-ín. Láti ìgbà náà lọ, ẹsẹ̀ kan á wà lórí bíréèkì, èkejì á máa tẹ iná kọ́kọ́ọ́kọ́ kí ọkọ̀ má baà kú sójú títì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni àwọn mẹkáníìkì ní fún gbogbo rẹ̀: kò ní slow.

Slow ni bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí kò sẹ́ni tó tẹ iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń lo injector, ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo fún ẹ́ńjìnì, ó máa ń wà láàárín 600 sí 900 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tán. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i láàárọ̀, ó lè lé ní 1,200. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn o, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí iná, irin pẹlẹbẹ tó wà nínú throttle, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, á pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé, ó ku díẹ̀ kó pa á pátápátá. Ìwọ̀nba tó ń yọ́ wọlé ni ẹ́ńjìnì fi ń mí, bí ẹni tí ihò imú kan dí. Brainbox, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń wọn afẹ́fẹ́ yẹn tó sì ń fi epo pò ó, nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò 1 epo bẹntiróòlù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, àṣìṣe kékeré ti tó láti da nǹkan rú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní Lagere fi máa ń lọ geere tó bá ti bọ́ sí ọ̀nà Iléṣà: lórí eré, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ débi pé aburú díẹ̀ kò hàn mọ́.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kó tó kan plọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo tí wọ́n sábà máa ń sáré pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú throttle. Tí wọ́n bá tú rọ́bà ńlá tó ti ibi fíítà wá, wọ́n á rí ìdọ̀tí dúdú tó lẹ̀ mọ́ etí irin pẹlẹbẹ yẹn, bí èyí tó máa ń wà nídìí ìkòkò. Èéfín ọ́ìlì láti inú ẹ́ńjìnì ló pọ̀ jù níbẹ̀, eruku ọyẹ́ tó gba ara fíítà jíjẹrà kọjá náà wà níbẹ̀. Ó ti dí àlàfo tóóró tí afẹ́fẹ́ slow ń gbà. Omi ìfọ-throttle àti àkísà rírọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní pípa. Kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe sandpaper. Èyí tó bá jẹ́ oníná, kí wọ́n má fìka tì í ní tipátipá. Lẹ́yìn fífọ̀, slow lè ga fúngbà díẹ̀, nítorí brainbox ṣì ń lo ìṣirò ìgbà ìdọ̀tí. Àwọn ọkọ̀ kan á tún un kọ́ fúnra wọn, àwọn mìíràn fẹ́ scanner, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá brainbox sọ̀rọ̀.

Òdìkejì ni họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ tó là. Rọ́bà tókunbọ̀ tí ooru ti sọ di gan-n-gan máa ń ya níbi tí ojú kò tó, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ó dà bí ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà àríyá, tí àwọn èèyàn ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Slow lè ga sódì, ó sì lè máa lọ sókè sódò. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á gbé ọ̀pá rọ́bà kan sétí, á máa fi ẹnu rẹ̀ kejì tọ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbọ́ ṣíìì. Tàbí kó fi pílíyà rọra fún họ́ọ̀sì náà pa: bí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, iwájú ibẹ̀ ni ihò wà. Àwọn kan máa ń fọ́n carb cleaner, omi ìfọ-kábúrétọ̀, sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń gbiná ni, lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò tí wọ́n ń ki scanner sí. Nínú àwọn kóòdù tí scanner máa ń gbé jáde, P0506 ni slow tó rẹlẹ̀ jù, P0507 èyí tó ga jù, P0171 sì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti ju epo lọ. Kò sí èyí tó sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ ohunkóhun.

Èyí tó ń bíni nínú ni thermostat, ohun kékeré tó máa ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tó. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ìlú wa kò nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnì kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, brainbox á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa rọ epo sí i, slow kò sì ní wálẹ̀. Bákan náà ni fífi screwdriver gbé slow sókè lára ọkọ̀ onínjector. Kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́, ló ni screw yẹn.

Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ìgbà náà ló kan plọ́ọ̀gì àti coil tó ń fún un níná. Wọ́n á yọ wáyà coil kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n yọ tí nǹkan kan kò yí padà, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ọwọ́ aago sì lè dúró gbọn-in lórí 750, kí inú ọkọ̀ máa gbọ̀n síbẹ̀, pàápàá tí gíà bá wà ní D, kó sì rọlẹ̀ tí wọ́n bá fi sí N. Slow kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, ló ti jẹ.