Àdúrà Kì Í Mú Dẹ́kìn Yára Le

Wọ́n ti pín aṣọ ẹbí ìṣílé, wọ́n ti fún olórin lówó àsansílẹ̀, wòlíì sì ti ní inú oṣù Kejìlá ni ọ̀run máa ṣí. Ìgbà yẹn ni oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi àwa tó ń darí iṣẹ́ ilé kíkọ́ pé ṣé ilé òun á ti parí. Dẹ́kìn kò tíì gorí ilé o! Ẹ jọ̀ọ́, ṣíṣírò là ń ṣírò ọjọ́ ìparí, wọn kì í rí i lójú ìran.

N kò ní jókòó máa ṣàlàyé ohun tí project jẹ́. Iṣẹ́ tó níbẹ̀rẹ̀, tó lópin, tówó rẹ̀ sì níye ni, ó parí. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú yín ni critical path, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ara wọn tó gùn jù, tó ń sọ ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ máa parí. Ọgbọ́n tí àwọn ará ilé iṣẹ́ DuPont àti Remington Rand gbé kalẹ̀ ni, ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ìparí ọdún 1950 sí 1959.

Ẹ jẹ́ ká mú dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan. Káfíńtà fi ọjọ́ 6 kan pákó, ó sì to igi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ irin gba ọjọ́ 4. Àárín ọjọ́ 4 yẹn ni réwáyà gbọ́dọ̀ tẹ́ páìpù rẹ̀, torí bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, dẹ́kìn tuntun lẹ máa padà gbẹ́. Ọjọ́ 1 la fi ń da kọnkéré. Ẹ ó máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, igi abẹ́ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21. Inú ọjọ́ 21 yẹn ni ọjọ́ 7 ìbomirin wà, nítorí náà àròpọ̀ 6, 4, 1 àti 21 jẹ́ ọjọ́ 32.

Onífèrèsé ìsàlẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọjọ́ 15 ló nílò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú káfíńtà, ó ní ọjọ́ 17 tó lè fi ṣeré láìpa ẹnikẹ́ni lára. Float nìyẹn. Káfíńtà kò ní float kankan. Bó bá lọ sìnkú àna rẹ̀ fún ọjọ́ 3, ọjọ́ 32 ti di 35. Síbẹ̀, onífèrèsé ni oníbàárà ń pè láràárọ̀, torí owó tirẹ̀ ló tóbi. Owó kọ́ ló ń gbé iṣẹ́ sórí critical path, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni. Ó sì máa ń yí padà o: bí onífèrèsé bá fi ọjọ́ 20 ṣòfò, òun gan-an ló wà lórí rẹ̀ báyìí, ilé á sì fi ọjọ́ 3 pẹ́. Ìdí tí a fi ń tún un ṣírò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó tún ní ká fi èèyàn kún un. Èèyàn lè sọ ọjọ́ 4 àwọn onírin di 2, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kó ọgọ́rùn-ún lébìrà wá, kí ẹ gbààwẹ̀ sí i, ọjọ́ 21 kọnkéré kò ní di 10. Àní ọjọ́ 28 la fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Àwọn ayédèrú adarí iṣẹ́ ń yọ igi lọ́jọ́ kẹwàá kí wọ́n lè rí i lò níbòmíràn, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìrírí.

Àwọn ayédèrú yìí náà ni. Wọ́n á lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wá kọ PMP, ìyẹn oyè adarí iṣẹ́, mọ́ orúkọ. PMI, ẹgbẹ́ àwọn adarí iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ló ń fúnni ní PMP. Ìdánwò ni, ẹni tó sì ní dìgírì gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36 kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe é. Ẹ lè wá orúkọ ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní PMP lórí íntánẹ́ẹ̀tì PMI. Tàbí kí ẹ kàn bi í pé iṣẹ́ wo ló wà lórí critical path. Bó bá ní gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ṣùgbọ́n scope ló ń dẹ́rù bani jù, ìyẹn ohun tí a jọ kọ sínú ìwé pé a máa kọ́. Oníbàárà á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti London: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi àjà kan sí i.” Ó rò pé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì nìkan ló kù. Ìpìlẹ̀ ńkọ́? Òpó ńkọ́?

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó. Èèyàn tó lé ní 40 kú, ẹni tó ń kọ́ ọ wà lára wọn. Kí wọ́n tó hú òkú tán, ọ̀gá àjọ ìjọba Èkó tó ń mójútó ilé kíkọ́ ní àjà 15 ni ìwé àṣẹ wà fún, igbákejì gómìnà ní rárá, 21 ni. Ìjọba kan náà, ilé kan náà, iye méjì.

Nítorí náà, ohùn orí fóònù kì í ṣe ìwé. Àyípadà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti déètì: ohun tó yí padà, iye owó tó fi kún un, iye ọjọ́ tó fi kún un, àti ìbuwọ́lù ẹnjiníà pé ìpìlẹ̀ á gbé e. Bí ẹnjiníà bá kọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bó bá gbà, ẹ gba àwòrán àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà lọ́jọ́ náà gan-an, torí èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ́.