Ìdí tí igbó kan náà fi ń yàtọ̀ lójú sátẹ́láìtì

Tí èèyàn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú ní apá tí oòrùn kò sí, tó sì wo igbó nísàlẹ̀, ó lè rí ojú kan tó mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, tó ń bá ọkọ̀ rìn. Igi ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìyókù. Oòrùn ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń wò ó gẹ́lẹ́, nítorí náà gbogbo òjìji ewé sá pamọ́ sẹ́yìn ewé tó ní in. Ẹni tó bá kọjú sí oòrùn wo igbó yẹn kan náà, òjìji ni yóò kún ojú rẹ̀.

Ilẹ̀ lásán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, tí ògúlùtu kún inú rẹ̀, ní òjìji ju ilẹ̀ tí òjò ti lù pẹrẹsẹ lọ.

Ibí ni iṣẹ́ ti le fún sátẹ́láìtì. MODIS, ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà lórí sátẹ́láìtì Terra láti ọdún 1999, ń wo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,330 lẹ́ẹ̀kan. Lónìí, oko lè wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Lọ́la, yóò wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Iye ìmọ́lẹ̀ yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ ewé kan kò já. Ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀ lè sọ pé irè ti ń gbẹ.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó ohun tí Terra àti Aqua, sátẹ́láìtì kejì tó gbé MODIS, rí láàárín ọjọ́ 16 pọ̀, tí wọ́n á sì pín in sí mẹ́ta: ìmọ́lẹ̀ tó tàn dọ́gba sí ibi gbogbo, èyí tó ń ta láti ewé dé ewé nínú igbó kìjikìji, tí wọ́n ṣírò látinú iṣẹ́ Juhan Ross ará Estonia, àti èyí tí òjìji igi tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń dín kù, látinú iṣẹ́ Xiaowen Li ará Ṣáínà. Ibi tí oòrùn wà àti ibi tí sátẹ́láìtì wà ti tó láti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ohun tó kù ni láti wá bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Èyí wuni lórí púpọ̀: nọ́ńbà mẹ́ta péré, a sì lè ṣírò bí ilẹ̀ náà yóò ṣe rí láti òkè tààrà, tàbí àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà sójú ọ̀run.

Ìkùukùu ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ìgbà tí ojú ọ̀run mọ́ kò bá tó 7, wọ́n á mú ìrísí tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi ìwọ̀nba tí wọ́n rí tún un ṣe, wọ́n á sì fi àmì sí i pé èsì náà kò lágbára tó ti ìṣirò kíkún. Ẹni tó bá ń fi í tọpa igbó kòkó ní Oǹdó nínú oṣù keje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àmì yẹn.