Kọ̀ǹpútà tó kọ software, ṣé fáírọ́ọ̀sì ni lóòótọ́?

Bí desktop àtijọ́ bá kọ̀ tí kò gba software tuntun, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀", ìyẹn ni pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì tún Windows fi sí i. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo sì gbowó lórí ẹ̀. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Àǹtí kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì àti táìpù n'Íbàdàn gbé tiwọn wá. Tòkunbọ̀ ni, Windows 7 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kan ti bá wọn fọ́máàtì ẹ̀ láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wọn bá a lọ, software tí wọ́n ń wá kò sì wọlé. Mo tan án, mo wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí aago máa ń wà. January 1, 2009 ni mo bá níbẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọdún wo la wà yìí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ò kà á sí nǹkan kan ni.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bátìrì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù inú desktop, pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ. CR2032 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Òun ló ń bá aago kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pa iná láti ara ògiri lálaalẹ́, tí iná ìjọba náà sì ń lọ nígbà tó bá wù ú, bátìrì yẹn kì í sinmi. Mo fi ẹnu screwdriver tẹ ìkọ́ tó dì í mú, ó ta jáde. Mo fi mítà wò ó: kò pé 2 volt, bẹ́ẹ̀ 3 ló yẹ kó jẹ́.

Kí ló wá kan software? Ọ̀pọ̀ software òde òní kì í pé nínú fáìlì tí ẹ dà sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á lọ fa ìyókù wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó ti ń fà á ní ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé kì í ṣe ayédèrú, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2009 la wà, lójú tiẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọdún yìí kò tíì dáyé. Á ní òun ò gbà á. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀ tó, bátìrì kò sí lórí dísíìkì.

Àwọn ìdí míì tún wà tí ojú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń sọ, àmọ́ a kì í kà á. Bó bá kọ ọ́ pé "not a valid Win32 application", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé software 64-bit (oríṣi tuntun) lẹ fẹ́ fi sórí Windows 32-bit (oríṣi àtijọ́). Kò lè ṣiṣẹ́ láé. (Software 32-bit sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit, òdì kejì ni kò ṣeé ṣe.) Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ Computer, kí ẹ tẹ Properties, ẹ ó rí i níbi System type. Bó bá jẹ́ 1618 ló kọ, software míì ló ṣì ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ ní sùúrù, tàbí kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni VCRUNTIME140.dll, fáìlì kan tí ọ̀pọ̀ software gbọ́dọ̀ rí kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí i, èèyàn á lọ wá a lórí Google, á gbà á lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀, á sọ ọ́ sínú Windows. Fáírọ́ọ̀sì tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé wàyí. Inú àkójọ fáìlì tí wọ́n ń pè ní Visual C++ Redistributable ni fáìlì yẹn ń bá wá, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ Microsoft.

Ọjọ́ orí náà ń bẹ níbẹ̀. Microsoft ti jáwọ́ lórí Windows 7 láti January 14, 2020. Chrome tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì náà, Chrome 109 ló parí sí lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gbé èyí tó jùyẹn lọ wá, kọ̀ǹpútà á lé e padà, kì í sì í ṣe àìsàn.

Mi ò sọ pé fọ́máàtì kò wúlò. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti jẹ ẹ́ dénú, tàbí tí ẹ fẹ́ kúrò ní 32-bit bọ́ sí 64-bit, ẹ ó fọ́máàtì ẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí fíláàṣì.

Bátìrì tuntun ni mo fi sí ti àǹtí, mo tún ọjọ́ ṣe, software wọlé lójú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé mi ò kúkú ní bá àwọn fọ́máàtì ẹ̀ báyìí, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀.