“Èmi ò lo íntánẹ́ẹ̀tì o, WhatsApp nìkan ni”

Àbúrò ìyá mi tó ń ta búrẹ́dì l'Ágége ló sọ̀rọ̀ yìí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń wa bàálù. “Èmi kẹ̀? Èmi ò lo íntánẹ́ẹ̀tì o. WhatsApp nìkan ni.” Ni wọ́n bá gbé fóònù padà sétí, wọ́n ń gbọ́ ohùn tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fáwọn èèyàn ni wọ́n ti ń da ìbéèrè bò mí. Mo ṣọ́ kaféè íntánẹ́ẹ̀tì rí ní Sùúrùlérè, wọ́n sì gbà pé ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Mo kó díẹ̀ jọ síbí.

Ṣé irọ́ ni àǹtí yín ń pa ni?

Rárá o. Lójú tiwọn, íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ibi tí èèyàn ń gbéra lọ. Ní 2004, ibi tí èèyàn ń lọ náà ni lóòótọ́. Oníbàárà á wọlé, á ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan lọ́wọ́ mi, á fi èékánná ha á, á tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn ní igun kan lójú ẹ̀rọ náà. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó gbọ́ bí ìka ṣe ń sáré lórí bọ́tìnnì. Àwọn tó ń ṣe mọ́júmọ́ a máa gbé búrẹ́dì àti aṣọ ìbora wá ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá kú, tí lẹ́tà tí ẹnì kan ti ń kọ láti wákàtí kan sẹ́yìn bá bá a lọ, èmi ni gbogbo ojú ń yí sí, àfi bíi pé èmi ni NEPA.

WhatsApp ò ní kí àǹtí mi gbéra lọ síbì kankan. Ẹni tó ń mu omi tútù látinú fíríìjì kì í sọ pé òun ń lo iná mànàmáná. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó mu omi. Lójú tèmi, àmì tó dájú jù nìyẹn: íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo èèyàn nígbà tí àwọn tó ń lò ó ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

Láti mọ iye èèyàn tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan ní ká kàn ka iye síìmù tó wà nílùú. Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó. Ẹ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹ wo iye fóònù onísíìmù méjì tó wà lórí àtẹ. Ọ̀kan fún ìpè, ọ̀kan fún dátà, torí èyí tó ń ṣe dáadáa n'Íkòròdú lè má gbéra nílẹ̀ ní Lẹ́kìí. Èèyàn kan, síìmù mẹ́ta. Ẹni tí kò ní dátà rárá ni mo máa ń wò ní tèmi.

Ìyá kan wà lọ́jà Ojúwòyè, ní Múṣin, tí mo máa ń ra tàtàṣé lọ́wọ́ wọn. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ni tiwọn, wọ́n fi rọ́bà dè é kí bátìrì má baà já bọ́. Kò lè ṣí WhatsApp, kò lè ṣí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n páálí kan wà lára igi àtẹ wọn, wọ́n fi máákà kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sí i. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì máa ń ké sí oníbàárà pé, “Eje ni o, kì í ṣe oókan!” Oníbàárà á na fóònù tirẹ̀ sí wọn: “Ó ti lọ, Mà.” Wọn ò ní wò ó. Tiwọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n á di láílọ́ọ̀nù ata mú gírígírí títí alátọ́ọ̀ṣì yóò fi dún. “Ó ti wọlé.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín “ó ti lọ” àti “ó ti wọlé” rèé. Dátà oníbàárà gbé iṣẹ́ náà dé báńkì tirẹ̀. Báńkì yẹn gbé e fún NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, tó sì ti ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti 2011. NIBSS fi tó báńkì ìyá létí, báńkì wọn wá fi ọ̀rọ̀ lásán ṣọwọ́ sí wọn, irú èyí tí fóònù 2001 pàápàá lè gbà. Ìyá ò ra dátà rí láyé wọn, síbẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú owó ata wọn ń gbà wọlé. Ọ̀wọ́n owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa dá náírà àtijọ́ padà tí a ò sì rí tuntun gbà, ló sún ọ̀pọ̀ ọlọ́jà débẹ̀. Ẹni tó ní òun ò gba trànsífà nígbà yẹn, ata rẹ̀ á rà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Kódì oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì ni òun náà?

Rárá. USSD ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà tí fóònù àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń kí ara wọn ló ń gbà, kò nílò dátà. Alátọ́ọ̀ṣì ìyá náà lè ṣe é.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí fóònù la ti mọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà?

Torí pé a ò ní wáyà. Ní ìlú àwọn òyìnbó, wáyà tẹlifóònù ti wọ ilé tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní tiwa, ìlà tí NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, fà fún odindi Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Nígbà tí GSM, fóònù alágbèéká, dé ní 2001, ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ iṣu gbígbóná. Glo dé ní 2003, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun ó máa kà, ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Opera Mini, áàpù tí a fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń fún ojú ewé pọ̀ kó tó dé orí fóònù kó má baà jẹ owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni BlackBerry, tí gbogbo ọ̀dọ́ ń tọrọ PIN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, lọ́wọ́ ara wọn. Ní 2010, MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, fa wáyà gba abẹ́ òkun láti Portugal wá sí Èkó. Dátà wá di ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè rà.

Kárí ayé, oṣù Kẹwàá 2016 ni StatCounter, ilé-iṣẹ́ tó ń ka ẹ̀rọ táwọn èèyàn fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́ rí i pé fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì kọjá kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 51.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nàìjíríà ti kọjá ibẹ̀ ṣáájú. Ọgbọ́n kọ́ o, àìrí èkejì ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kú ní Balógun lọ́sàn-án, ó ń sáré lóru. Kí ló fà á?

Gbogbo fóònù tó wà nítòsí òpó kan ló ń pín agbára òpó náà. Ẹ̀rọ omi kan, igba garawa. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ wo iye ọmọ iṣẹ́ tó ń ya fídíò aṣọ fún oníbàárà n'Íbàdàn tàbí Kòtónù, tí oníbàárà ń pariwo pé, “Ẹ gbé e bọ́ síta, kí n rí àwọ̀ rẹ̀!” Lóru, garawa ò ju mélòó kan lọ. Ìdí nìyẹn tí dátà òru fi rọjú: omi tó fẹ́ ṣàn dànù ni wọ́n ń tà fún yín.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wá lọ pátá lójọ́ kan ńkọ́?

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ rí. Lọ́jọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin gé nítòsí Abidjan: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Wáyà Glo-1 àti Equiano ti Google ò gé, òun ni Èkó ò fi ṣókùnkùn pátá. Àtúnṣe rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo ti jẹ ẹ̀bà àti ṣàkì tán ní bùkà kan l'Ọ́baléńdé lọ́jọ́ náà. Áàpù báńkì mi ń yí, ó ń yí, kò dúró. Mo gbìyànjú báńkì kejì, bákan náà. Kọ́bọ̀ ò sí lápò mi. Ìyá olóúnjẹ ò tilẹ̀ bínú. “Bọ̀dá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́.” Mo bojú wẹ̀yìn, èèyàn mẹ́rin wà lórí bẹ́ǹṣì, abọ́ ti ṣófo níwájú wọn, kálukú ń wo fóònù. Wọ́n ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, ká má tiẹ̀ wá sọ Abidjan. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni aago ọwọ́ mi sùn mọ́jú.

Dátà ti wọ́n. Ṣé àwọn èèyàn ò ní padà lẹ́yìn rẹ̀?

Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé wọ́n lè fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ariwo ta. N ò rí ẹni tó padà. Dátà ọjọ́ kan ni wọ́n ń rà báyìí, bí ẹni ra gààrí ní mílíìkì dípò kóńgò.

Mo dé Agége lẹ́yìn ìyẹn, àǹtí mi ń ṣírò lójú mi. “Búrẹ́dì ti wọ́n, owó mọ́tò ti wọ́n, dátà náà tún gbẹ́nu sókè.”

Mo ní, “Ṣebí ẹ ò lo íntánẹ́ẹ̀tì?”

“Dátà ni mo pè,” ni wọ́n wí. “Ta ló pe íntánẹ́ẹ̀tì?”